Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú yàwòrán: kí ni kí n rà, báwo ni mo ṣe máa lò ó?

Ọwọ́Tuntun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Léèdì lásán ni mo ti ń lò, mo wá fẹ́ bọ́ sórí èédú. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èédú tí a fi ń dáná ṣe é lò? Irú bébà wo ló gbà á? Kí ló fà á tí ohun tí mo bá yà kì í dúdú, tó kàn máa ń rí bí eérú? Kí sì ni mo lè ṣe tí kò fi ní máa ra mọ́ ọwọ́? Owó ọjà kò pọ̀, torí náà àwọn kòṣeémánìí nìkan ni kí ẹ dárúkọ.

Abẹfẹ́lẹ́

Ẹ káàbọ̀. Kí a tó dárúkọ ọjà kankan, ohun kan wà tó yẹ kó yé yín. Èédú kì í wọnú bébà bíi yíǹkì. Eruku ni. Orí bébà ló ń jókòó sí, nínú àwọn kòtò wínníwínní tí ojú lásán kì í tètè rí. Bí iṣẹ́ èédú bá ti ń bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣe kòtò yẹn: bóyá bébà ò ní in, bóyá eruku ti kún un, bóyá òróró ọwọ́ ti dí i.

Irú èédú mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀. Èédú ọ̀pá ni àkọ́kọ́, ìyẹn ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sun láìfi nǹkan kan lù ú. Willow charcoal tàbí vine charcoal ni ẹ máa rí lára páálí rẹ̀. Ó fúyẹ́, aṣọ lásán ló ń nù ún kúrò, àmọ́ dúdú rẹ̀ kò jìn. Ìkejì ni compressed charcoal, èédú lúbúlúbú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò tí wọ́n sì tẹ̀ di ọ̀pá. Ìyẹn dúdú bíi kóró iṣin, ṣùgbọ́n tó bá ti mú bébà, kò ní parẹ́ tán mọ́. Ìkẹta ni pẹ́ńsù èédú, tí kò yàtọ̀ sí ìkejì ju pé wọ́n fi igi bò ó, fún ibi tó nílò ṣóńṣó.

Èyí ló fà á tí iṣẹ́ yín fi ń rí bí eérú. Bó bá jẹ́ willow nìkan ni ẹ ń lò, ibi tí dúdú rẹ̀ mọ nìyẹn. Willow ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, compressed ni kí ẹ fi parí, ẹ má yí i padà. Ẹni tó bá fi compressed bẹ̀rẹ̀, tó wá rí i pé ojú ọ̀tún ga ju ti òsì lọ, á jókòó ti àṣìṣe rẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ máa rà: páálí willow kan tí tẹ́ẹ́rẹ́ àti nínípọn wà nínú rẹ̀, ọ̀pá compressed méjì, pẹ́ńsù èédú méjì (ọ̀kan tó rọ̀, ọ̀kan tó le), kneaded eraser kan (iréésà rírọ̀ tí a ń fọwọ́ pò), sáǹpépà kékeré, abẹfẹ́lẹ́, téèpù oníbébà. Aṣọ funfun tó ti gbó wà nílé yín. Ẹ fi owó tó kù ra bébà.

Ìyá Bébà

Ẹ ṣé o, Abẹfẹ́lẹ́. Ní ti èédú ìdáná, ẹ lè fi ṣeré, ẹ má fi ṣiṣẹ́. Igi líle ni wọ́n sábà ń fi sun ún, torí ohun tí ẹni tó ń rà á ń wá ni èyí tó máa pẹ́ nínú iná. Líle yẹn gan-an ló ń họ bébà. Ẹ ó fà á, á dúdú díẹ̀, lẹ́yìn náà á yọ̀, á sì fi ojú àpá tí kò láwọ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá wá fi ẹ̀gbẹ́ èédú gidi gbá orí rẹ̀ kọjá, àpá yẹn á yọ funfun báláú láàrin dúdú. Kò sí ìtúnṣe fún un. Yanrìn sì tún máa ń wà lára rẹ̀, láti inú erùpẹ̀ tí wọ́n fi bo iná nígbà tí wọ́n ń sun ún.

Ọ̀nà kan péré tó fi wúlò: ẹ gún un, ẹ kù ú bí ẹni ń ku èlùbọ́, aṣọ tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi kù ú. Lúbúlúbú rẹ̀ dára láti fi pa gbogbo ojú bébà láró kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo imú o.

Bébà wá ni kókó. Bébà ìtẹ̀wé A4 tó jẹ́ gíráàmù 80 ti dán jù. Ìgbà àkọ́kọ́ á gbà, ìkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ̀kẹta kò ní dúdú ju ìkejì lọ torí kòtò ti kún. Ẹ wá èyí tí ara rẹ̀ ṣe ṣákiṣàki díẹ̀, láti gíráàmù 130 sí 200. Cartridge paper (bébà ìyàwòrán lásán) tó jẹ́ 150 tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá rí bébà Canson Mi-Teintes, gíráàmù 160 ni, ojú méjì ló ní: ọ̀kan ní ihò-ihò bí afárá oyin, èkejì jọ̀lọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn tó jọ̀lọ̀ yẹn ni kí ẹ lò fún ojú ènìyàn, nítorí ihò afárá yẹn á máa hàn lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi pé ẹni náà ń ṣe ilẹ̀ẹ́gbóná.

Káàdì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníwèé náà ṣe é lò bí kò bá dán. Bí ẹ ṣe máa dán an wò ní ọjà: ẹ mú ẹ̀já willow kan dání, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa á ní kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí àmì funfun tó-tò-tó láàrin dúdú, ó ní kòtò. Bó bá lọ gbọọrọ bíi pé ẹ ń fi àbẹ́là yà lórí ike, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Agolo Mílíìkì

Ẹni tí kò rí willow rà lè sun tirẹ̀. Agolo tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ irin (kì í ṣe ike) ni ẹ nílò. Ẹ fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí náà. Ẹ wá ẹ̀ka igi tó fúyẹ́, tó gbẹ dáadáa, tí kò ní ihò láàrin, tó nípọn tó pẹ́ńsù. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, ẹ tò ó sínú agolo kó fún mọ́ra, kí afẹ́fẹ́ má ráàyè.

Ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú iná. Èéfín funfun á máa tú jáde lójú ihò, omi inú igi nìyẹn. Lẹ́yìn náà èéfín á fẹ́lẹ́, ó sì lè gbaná lójú ihò, ẹ má bẹ̀rù. Ìgbà tí èéfín bá dá pátápátá ló tó jinná. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí iná bá ṣe tó. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, ẹ fi amọ̀ dí ihò, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ rèé: wọ́n á ṣí agolo nígbà tó ṣì gbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé báyìí, èédú inú rẹ̀ á gbaná, eérú ni ẹ máa bá. Èyí tó jinná máa ń dún kín-ín bí ẹ bá jẹ́ kó bọ́ sórí àwo, ó sì máa ń ṣẹ́ pọ́ńkán. Bí inú rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, kò tíì jinná, á họ bébà bí ti ìdáná.

Ọwọ́Tuntun

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo fi pẹ́ńsù léèdì HB ya ìlà àpótí-àpótí sórí bébà kí n lè gbé àwòrán láti inú fọ́tò. Èédú wá kọ̀ láti bo ìlà yẹn. Ó ń dán bí irin láàrin dúdú.

Òjìji

Kò ní bò ó láéláé. Léèdì máa ń dí kòtò bébà, ó sì máa ń yọ̀, èédú á kàn gbà á lórí kọjá. Ẹ má fi léèdì ṣáájú èédú rárá. Pẹ́ńsù èédú tó le ni kí ẹ fi fa ìlà, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tàbí willow tí ẹ ti fi sáǹpépà pọ́n ẹnu rẹ̀.

Fún ìwọ̀n, ẹ gba èyí: fọ́tò sẹ̀ǹtímítà 10 sí 14, ẹ pín in ní sẹ̀ǹtímítà 2, àpótí 5 ní ìbú, 7 ní òró. Lórí bébà A3, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 pín in, á di 25 sí 35, etí á sì kù yí i ká fún téèpù. Ẹ kọ nọ́ńbà sí etí, kì í ṣe sínú àpótí.

Àmọ́ ẹ má kọ́kọ́ sáré sídìí fọ́tò. Ẹyin adìyẹ kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e sórí bébà funfun, ẹ tan iná kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ẹ pa gbogbo iná yòókù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ willow pa gbogbo ojú bébà, ẹ fi aṣọ nù ún títí á fi di eérú kan náà jákèjádò. Nísinsìnyí ẹ ṣẹ́ ojú, kí ẹ wo ẹyin náà láàrin ìpéǹpéjú. Ohun kéékèèké á parẹ́, òjìji nìkan ló máa kù.

Iréésà ni kí ẹ fi yọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà. Willow ni kí ẹ fi gbé òjìji sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ wò ó dáadáa: ibi tó ṣú jù lára ẹyin kì í ṣe etí rẹ̀ pátápátá. Ó sún wọlé díẹ̀, torí bébà funfun tó wà lábẹ́ ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí etí ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá fi ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín yẹn sílẹ̀, ẹyin rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí owó kọ́bọ̀. Òjìji tó bọ́ sílẹ̀ ni kí ẹ fi compressed kàn kẹ́yìn, lábẹ́ ẹyin gan-an níbi tó ti kan ilẹ̀, kó sì máa fẹ́lẹ́ bó ṣe ń jìnnà.

Ẹyin mẹ́wàá, kí ẹ tó ya imú ènìyàn kan.

Abẹfẹ́lẹ́

Ẹ gbọ́ ti Òjìji. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ Arinze Stanley, ayàwòrán ará Èkó tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dà bíi fọ́tò, á fẹ́ ya ihò ara àti òógùn láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kò sì tíì lè fi òjìji gbé ẹyin.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti pẹ́ńsù èédú kún un. Ẹ má kì í bọ inú ṣápúnà. Inú rẹ̀ rọ̀, ṣápúnà á lọ́ ọ ṣẹ́, ẹ ó máa gbẹ́ ẹ títí á fi tán láìkọ nǹkan. Abẹfẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi há igi rẹ̀, kí dúdú yọ tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀, kí ẹ wá fi sáǹpépà pọ́n ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń pọ́n. Eruku tó bá bọ́, ẹ dà á sínú ìgò, èédú lúbúlúbú ọ̀fẹ́ nìyẹn. Pẹ́ńsù tó bá já bọ́ sórí símẹ́ńtì lè ti ṣẹ́ nínú, kódà bí ìta rẹ̀ bá pé.

Ìyá Bébà

Lórí iréésà: kneaded eraser kì í ṣe ohun tí a ń fi ha bébà. Ẹ fọwọ́ pò ó bí iyán, ẹ fún ẹnu rẹ̀ kó rí ṣóńṣó, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ fẹ́, ẹ gbé e sókè. Tẹ̀, gbé, tẹ̀, gbé. Eruku á bá a lọ. Bó bá dúdú, ẹ fà á, ẹ ká a, inú tó mọ́ á yọ síta. Nínú ooru tiwa ó máa ń yọ́ mọ́ nǹkan, torí náà inú agolo kékeré ni kó máa gbé. Blu Tack tí wọ́n fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Iréésà ilé ìwé tó le á dán kòtò bébà mọ́lẹ̀, ibẹ̀ kò sì ní gba èédú mọ́. Inú búrẹ́dì rírọ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ń lò kí rọ́bà tó dé, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, bí kò bá sí bọ́tà tàbí òróró nínú rẹ̀. Búrẹ́dì Agége wa, ẹ jẹ ẹ́ ní tiyín.

Ẹ má sì retí pé gbogbo rẹ̀ máa lọ. William Kentridge, ayàwòrán ará South Africa, fi àbàwọ́n tó máa ń kù lẹ́yìn pípa rẹ́ yẹn ṣe fíìmù: á yà á, á fi kámẹ́rà gbà á, á pa díẹ̀ rẹ́, á tún un yà lórí bébà kan náà.

Ọwọ́Tuntun

Ṣé ó dáa kí n máa fi ìka pa á pọ̀?

Òjìji

Kò dáa. Òróró wà lára ìka, pàápàá lójú ooru, á dí kòtò, èédú tó bá bọ́ sórí rẹ̀ á lẹ̀ bí àbàwọ́n ọ̀rá. Tíṣù, aṣọ, tàbí búrọ́ọ̀ṣì àtíkè tó rọ̀ ni kí ẹ lò.

Agolo Mílíìkì

Mi ò gbà pátápátá, Òjìji. Lórí ilẹ̀ àwòrán tó fẹ̀, ìka tó gbẹ, tí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ojú ènìyàn ni kí wọ́n má ti fọwọ́ kàn án. Ohun tó burú ju ìka lọ ni pípa á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ kó jẹ́ ìlà. Àwòrán tí gbogbo etí rẹ̀ ti yọ́ máa ń rí bíi pé èéfín ló bò ó.

Òjìji

Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ó sì kan awọ ara wa ju ohunkóhun lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà tí a bá ń ya aláwọ̀ dúdú ni kí a kun gbogbo ojú ní dúdú kan náà, kí a wá máa fi pẹ́ńsù funfun wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ ya àpótí márùn-ún sí etí bébà, 1 ni funfun bébà, 5 ni dúdú jù. Awọ ara á wà láàrin 2 sí 4. Ẹ pa 5 mọ́ fún ihò imú, dúdú àárín ẹyinjú, àárín ètè méjèèjì, abẹ́ àgbọ̀n. Awọ dúdú máa ń dán: iwájú orí, igi imú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè ìsàlẹ̀. Etí ìmọ́lẹ̀ yẹn mú, ẹ má pa á pọ̀ di kùrukùru.

Bí ẹ bá ń ya àgbàlagbà tó kọlà, ilà náà kì í ṣe ìlà dúdú. Ó jìn wọlé. Ẹ wo ibi tí iná ti ń bọ̀: ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀ á ṣú, ẹ̀gbẹ́ kejì á mú ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù gbé èyí tó ṣú, ẹ fi ṣóńṣó iréésà yọ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àbàjà tí wọ́n kàn fa dúdú sójú máa ń rí bíi pé ọmọdé fi bírò kọ ọ́.

Pẹ́ńsù funfun kì í ṣe èédú rárá, orí bébà aláwọ̀ ló ti wúlò. Bó bá pàdé èédú, eérú tó jọ búlúù ni wọ́n máa bí.

Onífèrémù

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti kó má ra mọ́ ọwọ́. Nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé pátákó dúró kí eruku máa bọ́ sílẹ̀. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè apá òsì. Ẹ fi bébà mímọ́ sábẹ́ ọwọ́, kí ẹ má sì wọ́ ọ, ẹ gbé e ni. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku: itọ́ á ta sí i, ojú ibi tí itọ́ bá kàn kì í lọ. Ẹ gbá ẹ̀yìn pátákó pẹ́pẹ́.

Tí ẹ bá parí, fixative ni, ìyẹn oje inú agolo tí wọ́n ń fín sí àwòrán kí eruku má baà máa bọ́. Ìta ni kí ẹ ti fín in, níbi tí atẹ́gùn kò ti le, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí bébà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín kó tó kan bébà, ẹ sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kọjá rẹ̀. Fífín fẹ́lẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàrin wọn. Bó bá rẹ bébà, omi rẹ̀ á gbá èédú lọ, á sì fi ojú kán-ún-kán-ún sílẹ̀. Ó tún máa ń mú gbogbo rẹ̀ ṣú díẹ̀, funfun á sì rì, torí náà ẹ fi ìmọ́lẹ̀ tó le jù sílẹ̀ kí ẹ tún un yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní sọ ọ́ di yíǹkì o, ẹ fọwọ́ rá a gidi, á ṣì lọ. Ọjọ́ òjò kọ́ ni ọjọ́ rẹ̀. Hairspray tí wọ́n ń fín sí irun máa ń sọ bébà di pupa rúsúrúsú bó bá pẹ́, ẹ fi í mọ sórí iṣẹ́ ìdánrawò.

Téèpù: bí ẹ bá ń ṣí i, ẹ fà á jìnnà sí àwòrán, kì í ṣe sókè. Bó bá ti lẹ̀ jù, ẹ fẹ́ ooru ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ sí i díẹ̀.

Férémù: gíláàsì, kì í ṣe ike tó dà bíi gíláàsì. Bí ẹ bá nu ike yẹn, á máa fa nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ mọ́ra, á sì máa fa èédú kúrò lára bébà wá sára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì náà kò gbọdọ̀ kan àwòrán: ẹ fi káàdì tó nípọn tó mílímítà 3 sí 5 há àárín wọn. Ní ìgbà òjò, ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri tó ń rin, bébà á wú, á sì bu.

Ọwọ́Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí mo bá fẹ́ gbé e wọ dánfó ńkọ́, ṣé mo lè ká a?

Onífèrémù

Ẹ má ká a. Bó bá ti yí, ara bébà á máa ha ara wọn. Ẹ fi bébà tó ń dán bo ojú rẹ̀, irú èyí tí àwọn aránṣọ fi ń da àwòṣe. Ẹ lẹ orí rẹ̀ nìkan mọ́ ẹ̀yìn kó má baà sún. Ẹ há gbogbo rẹ̀ sáàárín páálí méjì tó tóbi jù ú lọ, ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin páálí náà. Ọ̀rá ìkọ́jà kò gbọdọ̀ kan ojú àwòrán. Ẹ gbé e lé itan nínú ọkọ̀, kó tẹ́ pẹrẹsẹ.